Lexus ES 350, Benz C300 àbí BMW 328i: bẹ́ ẹ ṣe máa yan tòkunbọ̀ olówó ńlá tí ò ní sọ yín di oníbàárà mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Mọ́tò tó jẹ́ pé olówó ló ń rà á ní tuntun l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa níbí, iye ẹ̀ ti já wálẹ̀ gan-an, àmọ́ iye páàtì ẹ̀ ò bá a já wálẹ̀. Gíà Benz ṣì ń jẹ́ gíà Benz. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi lè rí C300 2008 kan tí wọ́n pè ní iye tó súnmọ́ ti Camry Muscle, tí ọkàn yín á máa sọ pé ọ̀pọ̀ rèé, ẹ tètè gbé e. Ó lè jẹ́ ọ̀pọ̀ lóòótọ́ o, mi ò ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ lé mọ́tò yẹn, tí ò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù, ọjọ́ tí gíà bá kọ̀ iṣẹ́ ni mọ́tò máa di ibi tí adìyẹ ń sùn sí nínú kọ́ńpáùǹdù.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó bi ẹni tó ń tà á pé èló ni jálẹ̀ ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn ẹ̀ láti ilé: kí ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára ẹ́ńjìnì yìí, èló ni wọ́n ń ta páàtì yẹn lọ́sẹ̀ tá a wà yìí, ta ló wà ládùúgbò mi tó mọ̀ ọ́n tún ṣe? Ẹ kíyè sí i pé ẹ́ńjìnì ni mo sọ, mi ò sọ orúkọ mọ́tò. Benz méjì lè jọ gbé ìràwọ̀ kan náà síwájú, kí ọ̀kan máa gbé olówó ẹ̀ lọ gbé e bọ̀ fún ọdún márùn-ún, kí èkejì máa sùn ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù. Káà ni mo sì ń sọ níbí, ti jíìpù ní ọ̀nà tiẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára ẹ́ńjìnì

Ìkíní, ṣé tọ́bò wà níbẹ̀? Tọ́bò ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì kékeré lágbára bí ńlá, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀, àmọ́ ooru tiwa, gó-síló wákàtí mẹ́ta lórí Third Mainland, òìlì tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ lóṣù tó kọjá tẹ́ ẹ ṣì ń sọ pé ó di ìparí oṣù, gbogbo ìyẹn ni tọ́bò ò fẹ́. Ìkejì, báwo ló ṣe ń gba fúlù? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n ti ń fọ́n fúlù, àwọn kan sì wà tó ń fọ́n ọn tààrà sínú sílíńdà, òun ni wọ́n ń pè ní direct injection. Ti tààrà yìí, pọ́ǹpù ẹ̀ ń tì í pẹ̀lú agbára tó pọ̀ púpọ̀, fúlù onídọ̀tí tètè máa ń pa á, ẹ̀yìn fáàfù ẹ̀ sì máa ń kó èédú torí fúlù kì í kọjá níbẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ìkẹta, bẹ́líìtì ni àbí ṣéènì ló ń yí káàmù ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù? Bẹ́líìtì ní ọjọ́ orí, ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀, ṣéènì lè bá ẹ́ńjìnì dàgbà tẹ́ ẹ bá ń tètè pa òìlì dà. Ìkẹrin ni ẹsẹ̀ tó ń lo afẹ́fẹ́, èyí tí Benz ń pè ní Airmatic. Ìyẹn, tí owó yín ò bá pọ̀, ẹ sá fún un, kò sí àlàyé kankan tí mo fẹ́ ṣe síwájú sí i.

Ìdí tí mo fi mú mẹ́ta tó wà lókè yẹn rèé: ES 350 láti 2007 sí 2012, C300 láti 2008 sí 2011, 328i láti 2007 sí 2011. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ò ní tọ́bò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ò fọ́n fúlù tààrà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lo ṣéènì, sílíńdà mẹ́fà ló sì wà nínú gbogbo wọn. Nígbà tó di 2012 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ti tọ́bò bọ gbogbo nǹkan. C250 ọdún 2012 sí 2014, 1.8 oní-tọ́bò ni, ṣéènì ẹ̀ máa ń fà, ohun tó ń yí káàmù ẹ̀ náà máa ń jẹ. 328i tó jáde ní 2012, sílíńdà mẹ́rin pẹ̀lú tọ́bò ni wọ́n gbé síbẹ̀, N20 lorúkọ ẹ́ńjìnì yẹn, ike tó di ṣéènì ẹ̀ mú máa ń fọ́, ìfọ́kúfọ̀ọ́ yẹn sì lè gbé ẹ́ńjìnì lọ pátápátá. Èèyàn á rí 2012, á ní ó tuntun ju 2010 lọ, á fi owó kún un, kò mọ̀ pé wàhálà lòun fi owó kún un rà.

ES 350

Tẹ́ ẹ bá ní kí n dáhùn láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì, òun ni màá ní kẹ́ ẹ rà. Ẹ́ńjìnì inú ẹ̀ ń jẹ́ 2GR-FE, 3.5, V6, agbára ẹṣin 272 ní tuntun, ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú lára ẹ̀ ni pé kì í ṣe Lexus nìkan ló ni ín. Òun náà ló wà nínú Camry V6 ìgbà yẹn, òun ló wà nínú Avalon, nínú Highlander, nínú RX 350, nínú Sienna láti 2007. Ẹ ronú sí iye Sienna tó ń gbé èrò kiri orílẹ̀-èdè yìí. Mẹkáníìkì tó bá ti tú Sienna yẹn palẹ̀ rí, ó ti mọ ẹ́ńjìnì Lexus yín, tẹ́ ẹ bá sì dé Ládípọ̀ tàbí Àràrọ̀mí ní Gate n'Ìbàdàn, kì í ṣe páàtì Lexus lẹ máa bèèrè, ti Toyota ni kẹ́ ẹ bèèrè, owó tí wọ́n máa pè fún yín á yàtọ̀. (Ẹ má gbé mọ́tò náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wọlé.)

Kò túmọ̀ sí pé kò ní àrùn tiẹ̀. Èyí tó lè pa á rèé: àwọn tó kọ́kọ́ jáde, 2007 àti 2008 pàápàá, páìpù kan wà tó ń gbé òìlì lọ síbi VVT-i (ohun tó ń darí ìgbà tí fáàfù ń ṣí), apá kan lára páìpù yẹn jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn máa ń gbó, á bẹ́, òìlì á tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà lórí òpópónà Ìbàdàn sí Èkó tẹ́ ẹ ò sì tètè rí iná pupa, ẹ́ńjìnì ti lọ nìyẹn. Toyota fúnra wọn ló wá ṣe páìpù tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ láti fi rọ́pò ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra 2007 tàbí 2008, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó, tó bá ṣì jẹ́ rọ́bà, kì í ṣe ìdí tẹ́ ẹ fi máa sá, ẹ kàn yọ owó ẹ̀ kúrò nínú owó mọ́tò, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Òmíì: láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tẹ́ ẹ bá sítáàtì ẹ̀, ó lè pariwo gírrr fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kó tó dákẹ́. Gíà orí káàmù ni. Ó lè máa pariwo bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó má dá yín dúró, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ò kéré, wọ́n máa tú iwájú ẹ́ńjìnì, ẹ fi ìyẹn ná mọ́tò wálẹ̀. Wọ́tà pọ́ǹpù ẹ̀ náà máa ń jò, ẹ wo apá ibi bẹ́líìtì ìta, èyí tó ń yí pọ́ǹpù náà, bóyá ẹ máa rí ipa omi tó ti gbẹ. Pọ́ọ̀gì ńkọ́? Mẹ́ta wà níwájú tí ọmọdé lè yọ, mẹ́ta wà lẹ́yìn tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, mẹkáníìkì ọ̀lẹ á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, á gba owó mẹ́fà lọ́wọ́ yín. Dáṣíbọ́ọ̀dù ti 2007 àti 2008 máa ń yọ́ nínú oòrùn, á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á máa dán sójú ẹni tó ń wakọ̀. Ojú ló kàn ń tini, kò lè dá mọ́tò dúró.

Gíà ẹ̀ lágbára, ohun tó ń pa á ni pé wọn kì í pààrọ̀ òìlì ẹ̀, tàbí pé wọ́n da òìlì gíà tí kì í ṣe tiẹ̀ sí i. Toyota WS ló ń mu. Kò ní igi tẹ́ ẹ lè fà yọ kẹ́ ẹ fi wò ó, abẹ́ ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òìlì bá gbóná dé ìwọ̀n kan, tí mẹkáníìkì yín ò bá mọ èyí, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.

Tówó ò bá tó ES 350, ES 330 wà, 2004 sí 2006, 3.3 ẹ̀ ni wọ́n gbé sínú Sienna 2004 sí 2006, bẹ́líìtì ló ń lò, tí ìwé ò bá fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn, ẹ gbà pé wọn ò pààrọ̀ ẹ̀, 90,000 máìlì ni Toyota sọ. Avalon 2005 sí 2012 náà jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ES 350 tí ò gbé orúkọ Lexus, èmi ò mọ ìdí táwọn èèyàn ò fi ń wò ó lójú. Acura TL 2004 sí 2008, mọ́tò dáadáa, Honda Accord V6 tó wọ aṣọ òde ni, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì òun náà ní ọjọ́ orí, tó bá sì já, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnì bàjẹ́. TL 2000 sí 2003 ńkọ́? Gíà ẹ̀ ti bà á lórúkọ jẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ fi sílẹ̀.

C300

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa bínú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: nínú wíwà, C300 dùn ju ES 350 lọ. Ó di ilẹ̀ mú, ilẹ̀kùn ẹ̀ ń pa dé gbì, ojú ẹ̀ ò tíì gbó lójú pópó. Ẹ́ńjìnì ẹ̀ ni M272, 3.0. Orúkọ yẹn, M272, àwọn kan gbọ́ ọ rí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ C300, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣíwájú ẹ̀: E350 àti C350 ọdún 2005, 2006, gíà kan wà lára báláǹsì ṣáàfù wọn (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbọ̀n) tí eyín ẹ̀ ń jẹ, kẹ́ ẹ sì tó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú mọ́tò. Tí sìkánà bá mú kóòdù 1200 tàbí 1208 jáde lára àwọn E350 yẹn, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún olówó ẹ̀. E350 ìgbà yẹn náà ló ní bíréèkì tí wọ́n ń pè ní SBC, tó ń fi iná ṣiṣẹ́, Benz fúnra wọn pa á tì nígbà tó yá, ẹ fojú inú wò ó. Kẹ́ ẹ wá rí E350 2006 lówó pọ́ọ́kú, ìdí ẹ̀ nìyẹn.

C300 bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ó ní tiẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì ní ọwọ́ kékeré kan tó jẹ́ ike, ike yẹn máa ń ṣẹ́, wọn kì í sì sábà ta ike nìkan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń tà pọ̀. Máágínẹ́ẹ̀tì orí káàmù ẹ̀ máa ń jò òìlì, òìlì yẹn á gba inú wáyà rìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé bíréènì bọ́ọ̀sì, nǹkan tẹ́ ò bá fi owó kékeré ṣe lónìí, bíréènì bọ́ọ̀sì lẹ máa rà lọ́la. Gíà ẹ̀ oníṣísẹ̀ méje, àwo iná kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń kú, mọ́tò á di mọ́ ojú gíà kan ṣoṣo kò ní kúrò níbẹ̀. Òìlì gíà tí Mercedes sọ fún un ló yẹ kó mu (236.14 ni àmì ti ọ̀pọ̀ nínú wọn), kì í ṣe òìlì pupa kan ṣáá tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń dẹ́rù ba èèyàn jù: lọ́jọ́ kan ẹ máa ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò ní yí, kò ní tan iná, bíi pé mọ́tò ò mọ̀ yín rí. Títì síríǹ ló kú, ELV ni wọ́n ń pè é. Kì í kìlọ̀ o. Àwọn riwáyà tó mọṣẹ́ Benz dáadáa ní nǹkan kékeré tí wọ́n ń fi rọ́pò ẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní nómbà ẹ̀ nínú fóònù kí ọjọ́ yẹn tó dé. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní Ìséyìn, tó jẹ́ pé ẹni tó ní XENTRY, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ Benz wò, tó súnmọ́ yín jù wà n'Ìbàdàn, ẹ tún inú rò, owó àgbérìn mọ́tò nìkan tó owó ṣọ́ọ̀kì.

4MATIC, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tì, náà rèé. Yìnyín ni wọ́n ṣe é fún. Ní tiwa níbí, ó kàn fi ṣáàfù mélòó kan àti àpótí gíà kan kún ohun tó lè bàjẹ́ ni, ó sì ń fi kún fúlù. Tẹ́ ẹ bá rí C300 tí ò ní in, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ń tì, òun ni kẹ́ ẹ gbé. Èyí tó bá sì ti ìlú oníyìnyín wá, New York, New Jersey, apá ibẹ̀ yẹn, ẹ wọ abẹ́ ẹ̀ lọ wo irin ńlá tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù máa ń jẹ ẹ́ dé ibi tó fi máa lu.

328i

Ẹ́ńjìnì N52 tó wà nínú ẹ̀ wà lára èyí tó dáa jù tí BMW ṣe láyé òde òní, èmi gbà bẹ́ẹ̀. Òìlì máa ń jò láti orí ẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi fílítà, gásíkẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe òpin ayé. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni wọ́tà pọ́ǹpù, torí iná ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, kì í jò kó tó kú, ó kàn ń dákẹ́ lójijì ni, ẹ́ńjìnì á gbóná, ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ n rọra wà á délé" á fi tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì sanwó ìrọra yẹn. Tí kò bá sí ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ka owó pọ́ǹpù àti tẹ́mósítàátì mọ́ owó mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bátìrì tuntun gan-an, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ fún mọ́tò pé bátìrì tuntun rèé. Igi tẹ́ ẹ fi ń wo òìlì, kò sí, inú sìkírínì lẹ ti máa wò ó.

Táyà ńkọ́? Run-flat, táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá jò, ló bá a wá láti ilé, kò sí sípíà nínú búùtù. Kòtò tiwa yìí, tó bá fọ́ táyà yín lálẹ́ ní Ṣàgámù, kí ni fọkanáísà fẹ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ ló ń yí i padà sí táyà lásán tí wọ́n wá ń gbé sípíà kiri nínú búùtù, ó bọ́gbọ́n mu.

335i onítọ́bò lẹ ń wò? Ẹ kú orí ire, mi ò bá yín débẹ̀. IS 250 ńkọ́, ṣebí Lexus ni? Lexus ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá Camry, ẹ̀yìn ló ń tì, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń fọ́n fúlù tààrà, ó ń kó èédú, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ Lexus ló jọra.

Ẹ lọ bèèrè owó kẹ́ ẹ tó lọ wo mọ́tò

Apá yìí lèmi rò pé ó ṣe pàtàkì jù, òun sì lẹnikẹ́ni kì í ṣe. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ páàtì bíi mẹ́jọ sílẹ̀: gíà, iná iwájú kan, kọmpúrẹ́sọ̀ AC, ṣọ́ọ̀kì iwájú méjì, lówà áàmù méjì, wọ́tà pọ́ǹpù, rádíétọ̀, bíréènì bọ́ọ̀sì. Ẹ gba Ládípọ̀ lọ, tàbí Ọ̀wọdé Onírin, tàbí Trade Fair, ẹ bèèrè iye wọn fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ ń rò, ẹ bèèrè ti Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ bèèrè ti tuntun. Ẹ bi ẹni méjì ó kéré tán, torí iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, ojú yín ni wọ́n wò pè é. Ẹ rò ó pọ̀. Iná iwájú C300 tó jẹ́ xenon lè ya yín lẹ́nu ju gíà lọ, ọlọ́kadà kan ṣoṣo ló sì máa fọ́ ọ. Ẹ má lo owó tí ọ̀rẹ́ yín ná lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn o, láti June 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, iye tí ẹnikẹ́ni mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ìtàn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ti rí àròpọ̀ yẹn, ẹ máa mọ mọ́tò tí apá yín ká. Èmi a máa sọ fún èèyàn pé kó fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀ pamọ́. Tó bá jẹ́ pé mílíọ̀nù mẹ́jọ lẹ ní, mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́fà ni kẹ́ ẹ máa wá, tó bá sì jẹ́ Benz tàbí BMW, ẹ fi sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ mọ́tò

Ẹ sọ fún un ṣáájú pé kó má sítáàtì ẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi dé. Tẹ́ ẹ bá dé tẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó gbóná, nǹkan kan wà tí ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ wo VIN, nómbà ìdánimọ̀ mọ́tò, lẹ́tà àti nómbà 17 ni, ti Lexus yìí fi JTH bẹ̀rẹ̀, Benz ń jẹ́ WDD, BMW ń jẹ́ WBA. Ẹ ka ìkẹwàá lára ẹ̀ fún èyí tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà: 7 jẹ́ 2007, 8 jẹ́ 2008, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011. Ẹni tó bá ń ta 2008 ní owó 2010, ibẹ̀ lẹ ti máa mú un. Ẹ ra Carfax, ìwé tó ń sọ ìtàn mọ́tò l'Amẹ́ríkà, ẹ fi máìlì tí wọ́n kọ kẹ́yìn síbẹ̀ wé ti dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ tẹ VIN yẹn sí Google, àwòrán ìgbà tó wà ní Copart, ibi tí wọ́n ti ń fi gbàǹjo ta mọ́tò tó ti bàjẹ́ l'Amẹ́ríkà, lè jáde síta, ẹ máa rí i bó ṣe rí kí àwọn páánẹ́ẹ̀lì bíítà tó fọwọ́ kàn án. "First body" ní ẹnu ẹni tó ń tà á, ilẹ̀kùn méjì ti ṣí kúrò ní Copart.

Texas ló ti wá? Ẹ wò ó pé kì í ṣe ọkọ̀ tí omi ìjì Harvey gbé ní 2017, Florida náà ní ìjì Ian ní 2022. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, ẹ wo bóyá amọ̀ wà lára ẹ̀, ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó dógùn-ún. Benz tí omi wọ̀, ẹ má rà á, kódà kí wọ́n fún yín ní ìdajì owó, wáyà inú ẹ̀ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Iná airbag àti iná ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú nígbà tó yá. Èyí tí ò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ gílóòbù ẹ̀ tàbí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i. Ẹ ki sìkánà bọ̀ ọ́, ẹ má kàn wo kóòdù nìkan, ẹ wo ibi tó ń jẹ́ readiness: tí gbogbo ẹ̀ bá ní "not ready", wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, bóyá láàárọ̀ yẹn. Ẹ ṣí ibi omi rádíétọ̀ nígbà tó tutù. Ti Toyota máa ń jẹ́ pínkì, ti Benz àti BMW ìgbà yẹn jẹ́ búlúù, tí ohun tẹ́ ẹ bá rí bá jọ omi ìdọ̀tí pupa, ìpẹtà ti ń jẹ inú ẹ́ńjìnì, wọ́n sì lè ti yọ tẹ́mósítàátì dànù bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí. Ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ẹ̀, ṣì wà, àwọn kan ti gé e tà.

Tẹ́ ẹ bá ń wà á, ẹ pa rédíò. Ẹ jẹ́ kí AC ṣiṣẹ́ nínú gó-síló, kì í ṣe lórí eré nìkan, ẹ wo bóyá ìwọ̀n gbígbóná ń gòkè. Ẹ wà á lọ sí ibi tí títì ti bàjẹ́, ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi sí D, kó dúró, ẹ tún fi sí R, tó bá gbá yín nídìí, gíà tàbí ìjókòó ẹ́ńjìnì ni. Mẹkáníìkì tẹ́ ẹ bá mú dání, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó ẹ̀, kẹ́ ẹ sì san án kẹ́ ẹ tó débẹ̀, torí ẹni tó ń retí kí olówó mọ́tò fún òun ní nǹkan lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, kò lè rí àbùkù.

Tòkunbọ̀ àbí èyí tí wọ́n ti lò níbí? Ti ES 350, èyí tí wọ́n ti lò níbí dáa tó bá jẹ́ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ló ni ín, ó lè dín owó púpọ̀ kù. Ti Benz àti BMW, mo fara mọ́ tòkunbọ̀, torí ẹ ò mọ riwáyà tó ti gé wáyà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má tíì gbé e lọ òde ìyàwó. Ẹ pa òìlì ẹ́ńjìnì àti fílítà ẹ̀ dà, ẹ fa òìlì gíà, ẹ fọ omi rádíétọ̀, ẹ da èyí tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an sí i, ẹ lọ wo orí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, pẹ̀lú VIN bóyá rìkọ́ọ̀lù wà tí wọn ò ṣe, ES 350 2007 sí 2010 wà lára àwọn tí Toyota pè padà nítorí mẹ́ẹ̀tì tó ń há mọ́ ìtẹ̀sẹ̀ iná, ẹ sì so mẹ́ẹ̀tì yín mọ́lẹ̀ dáadáa. Páàtì tí wọ́n bá yọ lára ẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó sanwó iṣẹ́.